Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìmọ̀ Ìwé Pín Oko Bàbá Mi

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé mi níbí. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìlógbò, kí ẹlòmíràn tó bá mi rò ó, kó sì fi iyọ̀ àti ata tirẹ̀ sí i. Àwọn ẹbí mi kan wà níbí, mo mọ̀ yín! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ mọ̀ pé Ọ̀yẹ́ ni mo ń gbé, mo ń kàwé gboyè kejì nínú fìlọ́sọ́fì. Ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ yìí pé kí ni èèyàn ń fi fìlọ́sọ́fì ṣe. Ó dáa. Lónìí ẹ máa rí ohun tí èmi fi ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín o.

Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé ohun kan tí wọ́n ń pè ní sìmẹ́tírì. Ẹ má sá lọ! Kò le rárá. Gbé ọsàn méjì tó jọra sórí tábìlì. Ní kí ẹnì kan dijú, kí o pààrọ̀ ipò wọn, kí onítọ̀hún wá lajú. Bí kò bá lè sọ bóyá o fọwọ́ kàn wọ́n tàbí o ò fọwọ́ kàn wọ́n, sìmẹ́tírì nìyẹn. O ṣe nǹkan, síbẹ̀ nǹkan kan ò yí padà. Ó tán.

Ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí náà ní irú ẹ̀. Òkúta tí mo bá jù sókè ní Ìkọ̀lé, bó ṣe máa já bọ́ náà ló máa já bọ́ ní Ìdó. Bó ṣe já bọ́ lánàá náà ló máa já bọ́ lọ́la. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé ohun kékeré yìí ló di àwọn òfin ńlá mú. Torí pé òfin àná àti ti òní ò yàtọ̀ síra ni agbára kì í fi í dédé ṣòfò, ó kàn ń ti inú nǹkan kan bọ́ sínú òmíràn ni, bí ooru iná ṣe ń bọ́ sínú omi ìkòkò. Torí pé ti ibí àti ti ọ̀hún ò yàtọ̀ ni ohun tó bá ti ń lọ fi máa ń lọ títí nǹkan á fi dá a dúró.

Ìbéèrè tó wá ń pa àwa onífìlọ́sọ́fì láyò ni pé, èwo ló bí èwo? Ṣé torí pé òfin ayé rí báyìí ni a ṣe lè pààrọ̀ nǹkan kó má yí padà? Àbí torí pé ó jẹ́ dandan kó má yí padà ni òfin ṣe rí báyìí? Èkejì lèmi gbè lẹ́yìn. Mo ní sìmẹ́tírì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ló ń pàṣẹ, òfin kàn ń jẹ́ ẹ ni. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Ẹ ò bá rí bí mo ṣe ń rìn nígbà yẹn!

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Nígbà Kérésì, mo lọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Olórí Ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó fẹ́ràn ìmọ̀ bí oyin. Háà, inú wọn dùn! Gbogbo àlejò tó wá kí wọn lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní kó dijú, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọsàn. Wọ́n wá bi mí bóyá a lè fi ọgbọ́n yẹn mọ òfin tó tọ́ láàárín èèyàn. Èmi aláṣejù! Mo ní kí ló dé tí a ò ní lè fi mọ̀ ọ́n? Mo ní ẹ ṣáà ti mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹnì kejì, òfin á yọjú fúnra rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn àgbà ò purọ́.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Bàbá mi ti di olóògbé láti èṣí. Ìyàwó méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìyá Ṣẹ́gun ni ìyálé, ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Bọ̀dá Ṣẹ́gun sì ni àkọ́bí. Ìyá mi ni ìyàwó kejì, èmi nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí, èmi náà ni àbíkẹ́yìn nínú àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Oko kan ni bàbá mi ní, lójú ọ̀nà Orin. Òkè oko náà ni kòkó wà. Àárín rẹ̀, àpáta àti igbó ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni odò wà, níbẹ̀ sì ni ìyá mi ti ń ṣe epo pupa láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ epo, ẹ mọ̀ pé omi ni iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí omi nítòsí, ẹ máa fi ọrùn yín sanwó rẹ̀. Epo yẹn ló rán mi níléèwé láti kékeré. Òun náà ló ń bọ́ ìyá mi títí dòní.

Ní ọjọ́ Sátidé kan báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ olóògbé pé jọ, ká pín oko. Òjò ń rọ̀. Bàbá Olórí Ẹbí dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi èdè Èkìtì pè wá wọlé pé ẹ bọ́ sí ulé, ẹ bọ́ sí ulé, ká bẹ̀rẹ̀.

Àṣà kan wà nínú ẹbí wa tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí a bá ti gbàdúrà sórí ọ̀rọ̀ ogún, ẹnikẹ́ni kì í dìde mọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Bí a bá sì ti ka Oore-ọ̀fẹ́ pa á dé, kò sí ẹni tó ń ṣí i mọ́, ìbáà jẹ́ kí ọ̀run ya. Èmi ò rántí àṣà yìí nígbà tí mo ń mu tíì gbígbóná kọ́ọ̀bù méjì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn ìyàwó kì í sì í jókòó síbẹ̀. Ìyàwó kì í jogún ọkọ nílẹ̀ wa, àwọn ọmọ ló ń jogún. Nítorí náà, àwọn ìyá wa méjèèjì wà ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Fèrèsé pálọ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ wa.

Bàbá gbàdúrà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Kíá!

Àbúrò bàbá mi kan ní ìdí-igi ni ká fi pín in, bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Ìyẹn ni pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí igi kan, ẹ̀ka tí igi ní ì báà pọ̀, ì báà kéré. Ìdí igi méjì, ọ̀nà méjì. Àwọn Bọ̀dá Ṣẹ́gun á mú apá òkè tí kòkó wà, apá odò á bọ́ sí èmi lọ́wọ́.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun ò gbà. Wọ́n ní orí-ò-jorí ni ká fi pín in, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, kí àgbà kọ́kọ́ mú, kí àbúrò tẹ̀lé e. Wọ́n nawọ́ sí mi. Wọ́n ní ṣé èmi nìkan tó èèyàn márùn-ún ni? Ṣé ikùn mi fẹ̀ ju tiwọn lọ ni? Mi ò lè bínú sí wọn, torí ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Bọ̀dá Ṣẹ́gun yìí ló ń fi ọ̀kadà gbé mi lọ síléèwé nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n.

Wọ́n fà á títí. Ohùn ń lọ sókè. Bàbá wá kan tábìlì, wọ́n ní ó tó. Wọ́n yí ojú sí mi.

Wọ́n ní ọmọ wọn kan wà nínú ilé yìí tó ń ka ìwé nípa bí òfin ṣe ń jẹ́ òfin. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn ní ọgbọ́n ọsàn. Wọ́n ní ohunkóhun tí ọgbọ́n náà bá sọ, òun ni wọ́n máa tẹ̀lé, torí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kù, ikùn rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n bi Bọ̀dá Ṣẹ́gun bóyá wọ́n fara mọ́ ọn. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní àwọn fara mọ́ ọn.

Ẹ gbà mí! Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi wà nínú oúnjẹ yìí, mi ò lè dá a. Bàbá ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo sọ pé ọgbọ́n náà kì í mọ ẹni tó ń dájọ́? Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní a ti gbàdúrà. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kàn lọ ẹ̀yìn. Wọ́n ní a ti gbàdúrà!

Ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Òjò ń dà lórí páànù, omi ń ṣàn nínú gọ́tà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún èèyàn. Àwọn ọmọ ìyá Bọ̀dá Ṣẹ́gun yí mi ká nínú pálọ̀ náà. Mi ò rí ibi sá sí. Bí mo bá ní ìdí-igi, wọ́n á ní mo kàwé láti wá fi rẹ́ wọn jẹ. Bí mo bá ní orí-ò-jorí, èmi ni àbíkẹ́yìn, kí ó tó kàn mí láti mú, odò ti lọ.

Mo wá di ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀.

Mo fi ara mi sí ipò Bọ̀dá Ṣẹ́gun, mo fi Bọ̀dá Ṣẹ́gun sí ipò mi. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, òun á ní ìdajì oko, èmi á máa bá èèyàn mẹ́rin du ìdajì kejì. Nǹkan ti yí padà! Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí ńkọ́? Mo ní ìpín kan, ó ní ìpín kan. Mo pààrọ̀ wa, mo ṣì ní ìpín kan, ó ṣì ní ìpín kan. Mo fi àwọn mẹ́rin tó kù dán an wò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yí padà.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tó burú jù? Inú mi dùn sí ara mi! Mo ní ẹ wò mí, mo ń dájọ́ ta ko ara mi. Mo rò pé ohun tó bá ti dun èèyàn báyìí, ó ní láti jẹ́ òtítọ́.

Mo lajú. Mo ní orí-ò-jorí ni, mo sì ṣàlàyé sókè bí mo ṣe pààrọ̀ ara mi pẹ̀lú Bọ̀dá Ṣẹ́gun.

Bàbá ń mi orí, wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún ọgbọ́n mi. Wọ́n ní kí èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọwọ́ mi ló mọ́ jù. Mo kọ ọ́. Wọ́n ya oko náà sórí pépà, wọ́n gé e sí mẹ́fà. Ìpín méjì péré ló kan odò. Bọ̀dá Ṣẹ́gun mú ọ̀kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́ adágún ẹja síbẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé wọn mú èkejì. Nígbà tó máa fi kàn mí, àpáta àárín oko ló kù. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. A ka Oore-ọ̀fẹ́.

Bí wọ́n ṣe ṣe Àmín, mo fò dìde, mo sáré la òjò kọjá lọ sílé ìtọ̀. Ara tù mí. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú níbẹ̀, ẹ fojú inú wò ó.

Nígbà tí mo jáde, mo kọjá lábẹ́ páànù níbi tí àwọn ìyá wa méjèèjì jókòó sí. Ìyá Ṣẹ́gun ò gbójú sókè. Ìyá mi náà ò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Mo ti ń múra àlàyé sílẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé ọsàn fún wọn.

Ìyá mi kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Mo gbọ́ bí o ṣe pààrọ̀ ara rẹ pẹ̀lú Ṣẹ́gun. O ṣeun. Ta lo wá pààrọ̀ pẹ̀lú mi?"

Mo tún di ojú mi lábẹ́ páànù níbẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Ẹ pààrọ̀ àwọn ìyá méjèèjì. Ẹ fi ìyálé sí ipò ìyàwó, kí ẹ fi ìyàwó sí ipò ìyálé. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, èyí ní ìdajì, tọ̀hún ní ìdajì, kò sí ohun tó yí padà! Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí ńkọ́? Ọ̀kan á rí ọmọ márùn-ún tó ní ilẹ̀, tí yóò lè máa dá oko lórí rẹ̀. Èkejì á rí ọ̀kan. Òfin tí mo lé jáde lójú wa gbogbo, òun náà yege ìdánwò mi. Ẹni tí mo fi dán an wò ni ò pé.

Ṣé mo gbàgbé àwọn ìyá ni? Rárá, mi ò gbàgbé wọn. Àwọn tó jókòó sí pálọ̀ nìkan ni mo kà, bẹ́ẹ̀ àṣà ló ní kí àwọn ìyá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé ara mi ni mo dájọ́ ta kò. Irọ́! Mi ò tíì fọwọ́ kan ọkọ́ rí nínú oko yẹn. Ìyá mi ni mo dá lẹ́bi.

Mo sáré padà wọ pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mo ní mo ṣìṣe, ọgbọ́n náà ò pé, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Ojú wọn pọ́n, mo rí i pé ó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a ti ka Oore-ọ̀fẹ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣí i lónìí nítorí mi, ta ni wọ́n máa sọ pé àwọn ò ní ṣí i fún lọ́la?

Mo bọ́ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká pààrọ̀ ìpín, kí n fún wọn ní àpáta pẹ̀lú ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo sọ ọ́, ìwọ lo kọ ọ́. Ṣé kí òfin yí padà torí pé ìyá tìrẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ tèmi ni wọ́n fi tì mí mọ́lé.

Mo ti padà sí Ọ̀yẹ́. Mo ti fa ìdajì iṣẹ́ ìwádìí mi ya, mo ń tún un kọ. Mo ṣì gbà pé sìmẹ́tírì lágbára. Ó lè sọ ohun tí òfin ò lè jẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ọ ohun tó yẹ kí o pààrọ̀, ibòmíràn lo ti máa mọ ìyẹn. Àwọn onímọ̀ pàápàá gbà fún ìgbà pípẹ́ pé ayé inú dígí àti ayé gidi ò lè ní òfin tó yàtọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n wo àwọn ohun kéékèèké kan dáadáa, wọ́n rí i pé àwọn ohun náà mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Àwọn onímọ̀ yẹn ṣáà lọ wò níkẹyìn. Èmi ò wò. Ẹ̀yìnkùlé tí kò tó ìṣísẹ̀ ogún sí mi, mi ò yọjú wò ó.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi gbọ́ ti èèyàn mẹ́fà, mo ṣì jẹ́ òṣìkà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí o. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òfin kan dọ́gba, pé bí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo èèyàn kò ní yí padà, ẹ bi í pé gbogbo èèyàn wo? Ẹ ní kó dárúkọ wọn. Kó tún yọjú lójú fèrèsé.

Ní Sátidé báyìí, mo máa ń lọ bá ìyá mi pọn omi. Láti odò, a ó gba inú ìpín Bọ̀dá Ṣẹ́gun kọjá, a ó gun òkè dé orí àpáta níbi tí ìyá mi ti ń ṣe epo báyìí, kẹ́ẹ̀gì kan lórí èmi, kẹ́ẹ̀gì kan lórí ìyá mi. Wọn kì í bá mi jà. Wọn ò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mọ́. Bí a bá ń lọ sódò tí a dé etí ìpín Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ìyá mi á kàn dúró, wọ́n á dojú kọ mí, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ lọ tọrọ ọ̀nà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti dá irú ẹjọ́ báyìí rí, tí ẹ rò pé ọwọ́ yín mọ́? Ṣé ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún nílé tiyín, àbí orí-ò-jorí? Ibo ni ìyá yín jókòó sí lọ́jọ́ náà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo fẹ́ kà á. Kódà bí èébú ni ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ìyá mi ò bú mi, ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbé.